Gbèsè Tí Ìlú Jẹ Ẹlẹ́sẹ̀

Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ìjọba ní àgbáyé ti ń ṣe ìlànà tí wọn yóò fi gba ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, sí ọjà àti sí ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdọọdún ṣe Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ Lágbàáyé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin: èéfín ọkọ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, owó epo ń ga sí i, ara tí kì í rìn a máa di ilé àìsàn, ọkọ̀ sì ti pọ̀ lójú títì ìlú ńlá débi pé kò sí àyè mọ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wá sí Sanson. Sanson jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn méje tí a pín kọ́múùnù Tchaourou sí, ní ìpínlẹ̀ Borgou, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ kọ́múùnù yìí ju 7,000 km² lọ. Ó wà lára àwọn tí ilẹ̀ wọn tóbi jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn abúlé inú rẹ̀ sì jìnnà síra wọn. Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Àgbẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ lọ sí oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́, obìnrin ń ru igi ìdáná àti omi bọ̀ wálé, darandaran ń tẹ̀ lé màlúù, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ó lè bá agogo àkọ́kọ́. Nínú àwọn wọ̀nyí, ta ni ó kù tí a fẹ́ gbà níyànjú pé kí ó máa rìn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ìlú jẹ ẹlẹ́sẹ̀ ní gbèsè. Bí kò bá tíì san án, ìyànjú rẹ̀ yóò dà bí ìgbà tí ajigbèsè ń kọ́ ẹni tí ó jẹ lówó ní bí a ti ń ṣọ́ owó ná.

Ìrìn méjì

Ìrìn méjì ni ó wà tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìrìn ẹni tí ó ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà lọ, ṣùgbọ́n tí ó yan ẹsẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni ìrìn ẹni tí kò ní ohun mìíràn. Àwọn méjèèjì lè máa gbé ẹsẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wọn kò rí bákan náà. Òṣìṣẹ́ ará Paris tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì gun kẹ̀kẹ́ ti fi kún òmìnira ara rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó rin kìlómítà mẹ́fà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí olùkọ́ tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, kò yan nǹkan kan. Ẹni tí ó bá yin àwọn méjèèjì ní ohùn kan náà ti fi ìyìn bo ìyà mọ́lẹ̀.

Èdè Faransé ní gbólóhùn kan tí àwọn olùṣètò ìlú fẹ́ràn: mobilité douce. Ìrìn ẹsẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi pè, nítorí pé kì í pariwo, kì í sì í rú èéfín. Douce túmọ̀ sí ohun tí ó rọ̀, tí ó tutù, tí ó dùn. Ẹ wo obìnrin tí ó ru àpò ẹ̀gẹ́ sórí, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ní ọ̀sán oṣù kẹta tí oòrùn ń jó ilẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ìrọ̀rùn wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn náà kò purọ́ nípa afẹ́fẹ́. Ẹni tí ń rìn ni ó gbàgbé. Èdè Yorùbá kì í gbàgbé rẹ̀. Bí a bá pàdé ẹni lójú ọ̀nà, a ó kí i pé ẹ kú ìrìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ẹni tí ń roko pé ẹ kú iṣẹ́. Ìkíni yìí gbà pé iṣẹ́ ni ìrìn, pé ohun kan ti jáde lára ẹni náà. Níbi tí a bá sì ti gbà pé ẹnì kan ń ṣe làálàá, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bèèrè ohun tí a jẹ ẹ́.

Bí a bá gba ìyàtọ̀ yìí, ohun kan tẹ̀ lé e tí ó lè ya àwọn kan lẹ́nu: ní ìgbèríko, ìlànà ìrìn tí ó dára jù lọ lè jẹ́ èyí tí yóò dín ìrìn kù. Kànga tí a gbẹ́ sí àárín abúlé jẹ́ ìlànà ìrìn. Ilé ìgbẹ̀bí tí ó wà nítòsí jẹ́ ìlànà ìrìn. Ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ sí ibi tí abúlé mẹ́ta ti lè dé e, dípò etí títì nìkan, jẹ́ ìlànà ìrìn. Bí ìrìn tipátipá bá ti dínkù ni ìrìn àtọkànwá tó lè rí àyè.

Ìpàdé tí a kò pe ẹsẹ̀ sí

Nínú Ifá, ìtàn kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tí ó para pọ̀ di ènìyàn. Gbogbo orí pe ìpàdé láti dá àbá pàtàkì kan, wọn kò sì ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Èṣù wò wọ́n, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà fi túká. Ìgbà tí wọ́n padà lọ pe ẹsẹ̀ ni ohun tí wọ́n dá lábàá tó ṣeé ṣe. Àlàyé tí a máa ń ṣe sí i ni pé orí ni ìpín tí a yàn, ẹsẹ̀ sì ni akitiyan: bí ìpín ti wù kí ó dára tó, láìsí iṣẹ́ kò ní ṣẹ.

Àlàyé náà dúró. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí tún ní ohun tí ó lè sọ fún àwọn tí ń ṣètò ìlú. Àwọn orí tí ń pàdé ní olú-ìlú láti pinnu bí ọ̀nà yóò ti rí, ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀ dé ibi ìpàdé. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ohun tí ara ẹni kò mọ̀ rí kì í tètè wá síni lọ́kàn. Ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ mọ ibi tí títì ti lu. Kò mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọdé, kò mọ ibi tí a ti gé igi tí ń ṣíji bo èrò, kò mọ odò kékeré tí omi rẹ̀ ń dé àyà ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ìmọ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì ń kó wọn pamọ́.

Apá kìíní nínú gbèsè náà nìyí: kí a pe ẹsẹ̀ sí ìpàdé. Kò tó kí a ṣe nǹkan fún ẹlẹ́sẹ̀ bí ẹni ń ṣàánú. Ó ní ohun tí ó mọ̀ tí ẹni tí ń ṣètò kò mọ̀, àìgbọ́ ọ sì jẹ́ àìmọ̀kan kí ó tó jẹ́ ìwà ìrẹ́jẹ.

Bí ọ̀nà ṣe di ti ẹlòmíràn

Ó yẹ kí a fi hàn bí a ti ṣe jẹ gbèsè yìí. Ní ìgbà àwọn baba ńlá wa, ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe ọ̀nà: ẹnì kan gba ibẹ̀ kọjá, èkejì tẹ̀ lé e, koríko kú, ọ̀nà là. Ìṣàkóso Faransé yí èyí padà. Ojú irin tí ó gbéra ní Kùtọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ní ọdún 1911. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni ó gba Tchaourou kọjá dé Parakou. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òpópónà tí a ń pè lónìí ní RNIE 2 wà, èyí tí ó ti Kùtọnu lọ dé Malanville ní etí odò Ọya. Iṣẹ́ tipátipá ni a fi la púpọ̀ nínú ọ̀nà ìgbà ìjọba amúnisìn, títí òfin fi fagi lé e ní ọdún 1946. Àwọn tí a kó lọ ṣe iṣẹ́ náà fi ẹsẹ̀ lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ bọ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó wá gba orí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, èyí tí í ṣe Porto-Novo, kẹ̀kẹ́ ni a kọ́kọ́ fi ń kó èrò àti ẹrù lówó. Taxi-kanna ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pàdánù iṣẹ́ wọn, alùpùpù gba ipò rẹ̀, ó sì di zémidjan, orúkọ èdè Fọ̀n tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ pé kí a tètè gbé ni lọ. Lónìí kò sí ibi tí kò dé. Oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé wà lórí rẹ̀, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò fi ojú ọ̀tá wo ọkùnrin tí ń wa alùpùpù láti àárọ̀ di alẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé iyì kúrò lára kẹ̀kẹ́. Nígbà kan rí, ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ní abúlé jẹ́ ènìyàn pàtàkì. Lónìí, bí olùkọ́ bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan yóò bèèrè ohun tí ó ṣe é.

Bí ọ̀nà ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni àyè ẹlẹ́sẹ̀ ń dínkù lórí rẹ̀. Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà rere ni, a ó sì máa ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ebi tí ń pa ọ̀nà òde òní, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ó kú sí ojú pópó láàárín ọdún 2021, àwọn tí ó ju ìdajì lọ nínú wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ó wà lórí alùpùpù. Áfíríkà ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ọkọ̀ tí ó wà láyé, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 òkú ojú pópó jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí ni ọ̀nà ti ń pani jù. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ó hàn sí gbogbo ojú ni pé a ṣe ọ̀nà bí ẹni pé ẹlẹ́sẹ̀ kò sí.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́rìí sí i. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, láti 30 dé 60 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tí yóò fi kọlu ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ó tẹ́ ọ̀dà sí ọ̀nà tí ó gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá, tí kò sì ṣe ohun tí yóò mú ọkọ̀ rọra níbẹ̀, ti ṣe ìpinnu lórí ẹ̀mí ọmọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. A lè gbàdúrà, kí a sì tún san gbèsè. Èkíní kò rọ́pò èkejì.

Àtakò méjì

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí. Àgbẹ̀ tí ó ti rin ọgbọ̀n ọdún, tí ó ta kajú rẹ̀, tí ó sì fi owó rẹ̀ ra alùpùpù, ṣé òun ni a ó wá sọ fún pé ẹsẹ̀ dára jù? Àtakò yìí wúwo, ó sì tọ́ ní apá kan. Ìlànà tí ó bá sọ fún tálákà pé kí ó jọ̀wọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìlànà, ẹ̀gàn ni. Aboyún tí ó ń rọbí ní òru nílò ọkọ̀ tàbí alùpùpù, kò nílò ìwàásù nípa afẹ́fẹ́ tútù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilé àgbẹ̀ náà. Alùpùpù kan ni ó rà. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn, ìyá rẹ̀ ń rìn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn. Òun fúnra rẹ̀, bí ó bá gúnlẹ̀ ní ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi kọjá sí òdì kejì títì. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ní wákàtí kan nínú ọjọ́. Ẹni tí ń jà fún un kò gba nǹkan lọ́wọ́ alálùpùpù. Ó ń jà fún un pẹ̀lú.

A máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ojú ọ̀nà kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run, nítorí náà a ní láti mọ ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì. Ìlànà ìwà tí mo rò pé ó tọ́ kò ṣòro: ẹni tí ó mú ewu wá ni ó yẹ kí ìṣọ́ra wúwo lé lórí jù. Bí ẹnì kan bá mú àdá gba àárín ọjà kọjá, òun ni a ń retí pé kí ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. A kì í sọ fún èrò ọjà pé kí wọ́n lọ kọ́ bí a ti ń yẹ àdá. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà, ohun tí a ń ṣe nìyẹn: ọmọ ọdún mẹ́jọ ni a ń kìlọ̀ fún pé kí ó ṣọ́ra fún ọkọ̀.

Àtakò kejì ni pé owó kò sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà dé ná, wọn yóò wí, a ó ro ti ẹsẹ̀ bó bá yá. Ìrírí ilẹ̀ mìíràn fi hàn pé ọ̀rọ̀ bó bá yá yìí wọ́n púpọ̀. Àwọn tí ó bá gbọ́ pé gbogbo ènìyàn ní Netherlands ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ lè rò pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn náà la títì fún ọkọ̀, wọ́n sì lé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọdún 1971, àwọn tí ó kú sí ojú pópó wọn ju 3,000 lọ, ọmọdé tí ó ju 400 sì wà nínú wọn. Àwọn òbí bọ́ sí ìta, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kí a dẹ́kun pípa ọmọ, Stop de Kindermoord. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 sì mú kí ìjọba fetí sílẹ̀. Ohun tí a ń rí níbẹ̀ lónìí jẹ́ gbèsè tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ béèrè fún tí a sì san, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti wó ohun tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n tó lè tún un kọ́.

Ní Sanson, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni a kò tíì kọ́. Ohun tí a kò tíì kọ́ kò béèrè pé kí a wó o. Ètò Asphaltage tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe ní àwọn ìlú ńlá, tí Parakou wà lára wọn, fi ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn títì tí ó tún ṣe. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá lásán ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó kù láti bèèrè ni bóyá ẹlẹ́sẹ̀ ìgbèríko yóò rí ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ìlú ńlá ń rí.

Kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin

Kí ni ó wá yẹ kí a pè ní ìyànjú, lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí san gbèsè? Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ti India wá. Ní ọdún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Bihar bẹ̀rẹ̀ sí fún gbogbo ọmọbìnrin tí ó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó tí yóò fi ra kẹ̀kẹ́ tí yóò máa gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Onímọ̀ méjì, Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash, ṣe ìwádìí rẹ̀. Wọ́n rí i pé iye ọmọbìnrin tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà fi ìdá 32 nínú 100 lé sí i, àlàfo tí ó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin sì fi ìdá 40 nínú 100 dínkù. Ní àwọn abúlé tí ilé ẹ̀kọ́ jìnnà sí ni àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kò sí ìwàásù nínú ìlànà yìí. Wọn kò sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé kẹ̀kẹ́ dára fún ara. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì ń gùn ún pọ̀ lọ́jọ́ kan náà lójú ọ̀nà kan náà, ohun tí abúlé kà sí ohun tí kò yẹ obìnrin di ohun tí gbogbo ojú ń rí lójoojúmọ́. Iyì tí ó ti kúrò lára kẹ̀kẹ́ padà sí i, nítorí pé ó ti di ohun tí a fi ń lọ sí iwájú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kìlómítà mẹ́fà, bí ó bá ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, yóò lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12. Bí ó bá gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kìlómítà 12 ní wákàtí kan, ìdajì wákàtí ni. Ní àlọ àti àbọ̀, ó jèrè ìṣẹ́jú 84 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú wọ̀nyí lè di ìwé kíkà, ó lè di ìrànlọ́wọ́ fún ìyá, ó sì lè di oorun. Ọ̀pọ̀ òbí ní ìgbèríko mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọbìnrin bá yege ní ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì jìnnà: a ó háyà yàrá fún un ní ìlú, níbi tí kò ti sí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó jókòó sílé. Láàárín ewu àti ìdádúró, kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ ọ̀nà kẹta.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ nìkan kò san gbèsè tán. Bí ipa ọ̀nà bá kún fún ẹrẹ̀, yóò dúró sílé. Bí kò bá sí ẹni tí yóò lẹ táyà rẹ̀ nítòsí, yóò di irin àtijọ́ lẹ́yìn ògiri. Bí baba bá sì gbé e lọ sí oko ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá le, a jẹ́ pé baba ni a fún, a kò fún ọmọbìnrin. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìwé ìlànà kì í rí, tí ìdílé àti àwọn àgbà abúlé ní láti bá ara wọn sọ kí kẹ̀kẹ́ tó dé.

Ta ni yóò san án?

Ó rọrùn láti nawọ́ sí Kùtọnu. Ṣùgbọ́n òfin fi ọ̀nà àti ipa ọ̀nà inú kọ́múùnù, pẹ̀lú kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sí abẹ́ àbójútó kọ́múùnù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, apá kan gbèsè náà wà nítòsí wa. Kò sì gbogbo rẹ̀ ni ó béèrè owó ńlá. Òkè kékeré tí ń mú ọkọ̀ rọra níwájú ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà kò wọ́n. Ipa ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, tí koto tàbí igi pààlà sí i, rọrùn nígbà tí a bá ń la ọ̀nà ju ìgbà tí a bá ti là á tán lọ. Afárá kékeré lórí odò tí ń dí ọ̀nà ní ìgbà òjò, igi òrí tí a kò gé, igi máńgòrò tí a gbìn kí èrò lè rí ibòji: àgbà ní Sanson kò nílò onímọ̀ kan láti òkèèrè kí wọ́n tó mọ ìwọ̀nyí.

Àwa ará ìlú náà sì jẹ nínú gbèsè yìí. Ẹni tí ó ro oko rẹ̀ jẹ ipa ọ̀nà, ẹni tí ó to ọjà rẹ̀ sí ibi tí èrò ń gbà, ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sì yẹ kí àgbà wà ní abúlé kí ọmọ máa fi ẹ̀mí wéwu láti kọjá sí ilé ẹ̀kọ́.

Fún ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ kan wà tí ó bá wa mu ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìmọ̀ tí ẹsẹ̀ kó pamọ́ ní Sanson, ní èdè Nàgó, ní èdè Bàrìbá àti ní èdè Fúlàní ni ó wà. Ètò ìdàgbàsókè kọ́múùnù, ní èdè Faransé ni a ń kọ ọ́. Láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ máa ń sọnù. Àwa tí a ń gbọ́ èdè méjì, tí a sì ń kọ wọ́n, ni ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá àwọn ọmọ abúlé rìn ní òwúrọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú, kí ẹ kọ ibi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n, ibi tí omi ti dí wọn lọ́nà àti ibi tí wọ́n ti sinmi sílẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ ní èdè Faransé tí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù kò ní lè sọ pé òun kò lóye. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí bá tún pàdé láti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà Sanson, wọn kò ní lè sọ mọ́ pé ẹsẹ̀ kò ránṣẹ́ sí wọn.